Fọ́tò Ọmọ Inú Àpótí Gíláàsì

Ilé Ìwòsàn Àwọn Aboyún,
Alẹkisáńdíríà,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Rushdi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá ọ gbé ní Kuwéètì. Mo lérò pé ara rẹ le, pé ò ń jẹun, àti pé ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú nígbà tí o kọ̀wé gbẹ̀yìn ti fi ọ́ sílẹ̀. Bí o bá béèrè mi, ara mi le, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Bí mo bá kọ ìlà mẹ́ta, màá dìde, màá rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, màá tún padà wá jókòó. Nítorí náà, má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Fọ́tò kan wà nínú àpò ìwé yìí. Mo bẹ̀ ọ́, dojú rẹ̀ délẹ̀ títí o fi máa ka ìwé yìí tán.

Ọmọ rẹ wà láàyè. Ẹ̀ẹ̀mejì lo ti pè sórí tẹlifóònù aládùúgbò wa láti bi mí, mo sì gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ pé o ò gbà mí gbọ́. Obìnrin ni. Ọmọ oṣù méje ni, gbogbo ara rẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì lọ. Inú àpótí gíláàsì tó ń mú un móoru ló wà, gíláàsì ńlá mìíràn ni wọ́n sì fi dí iwájú yàrá náà. Nọ́ọ̀sì nìkan ló ń wọlé. Dókítà ò ṣèlérí ohunkóhun. "Ẹ máa ṣàdúà, Àlájà" ni gbogbo ohun tó ń wí, bí ẹni pé mo ń ṣe nǹkan mìíràn.

Nagat ìyàwó rẹ ló wá di ìdààmú wa. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un ò tíì jẹ́ kó lè dìde. Àjà kẹta ló wà, ọmọ wà nísàlẹ̀, kò sì tíì fojú kàn án rí. Láti ọjọ́ kẹta ló ti ń sọ pé ọmọ ti kú, pé ńṣe là ń fi pa mọ́ fún òun. Ó kọjú sí ògiri. Ó kọ ọbẹ̀ adìyẹ, ó kọ mọ́gàt gbígbóná tí gbogbo ìyá ìkókó ń mu. Mo ní, "Nagat, mo fi Ọlọ́hun búra, mo rí i láàárọ̀ yìí." Ó ní, "Ìyá, ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹ̀yin náà lẹ búra fún mi pé bàbá ń sùn ni, nígbà tí wọ́n ti kú." Òótọ́ ni, mo búra bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ kú, nítorí oyún inú rẹ̀. Ọjọ́ keje dé, ó kọjá, a ò lu odó, a ò gbé ọmọ sínú ajọ̀ bí a ti ń ṣe níbi ìkómọ, a ò sọ ọ́ lórúkọ. Nagat ní òun ò lè sọ ọmọ tí òun ò rí lórúkọ. Dókítà tiẹ̀ wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bí Nagat ò bá jẹun, ó lè ṣáájú ọmọ lọ.

Mi ò ní fi àṣìṣe mi pa mọ́ fún ọ. O mọ̀ pé bàbá rẹ ò tíì pé oṣù mẹ́rin lábẹ́ ilẹ̀, aṣọ dúdú sì ni mo ń wọ̀. O sì mọ̀ pé ẹni tó wọ dúdú ọ̀fọ̀ kì í wọlé tọ ìyá ìkókó, kí wàrà má baà gbẹ, kí ikú má baà tẹ̀lé e wọlé. Nítorí náà, bí mo bá wọ dúdú kúrò nílé nítorí ẹnu àwọn aládùúgbò, tí mo bá ti dé ibí, inú ilé ìwẹ̀ ni mo ń lọ. Màá bọ́ dúdú sínú báàgì, màá wọ aṣọ funfun tí mo fi lọ sí Mẹ́kà. Obìnrin tó ń fọ ibẹ̀ ní, "Àlájà, ṣé ìyàwó tuntun ni yín ni, tẹ́ ẹ̀ ń pààrọ̀ aṣọ lójoojúmọ́?" Mo gbé báàgì mi, mo jáde.

Mo rántí kámẹ́rà rẹ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gbé e wá, mo dúró ṣánṣán níwájú gíláàsì, mo ń tẹ̀ ẹ́, iná rẹ̀ ń kọ mànà, títí fíìmù fi tán. Mo gbé fíìmù náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, wọ́n ní kí n padà wá gbà á lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ọjọ́ méjì yẹn, bí ẹni tó jókòó sórí ẹ̀gún ni mo rí. Nígbà tí fọ́tò dé, ìmọ́lẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú wọn, òmíràn jẹ́ imú mi àti awò ojú mi. Ọ̀kan péré ló dára díẹ̀. Èèyàn ń rí àpótí, ó ń rí ẹsẹ̀ ọmọ, àmọ́ nǹkan funfun kan nà bò ó láti orí dé àyà. Mo sáré gbé e lọ fún Nagat. Ó wò ó, ó figbe ta tí gbogbo wọ́ọ̀dù fi dìde: "Aṣọ òkú! Wọ́n ti fi aṣọ òkú wé ọmọ mi!"

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó síwájú gíláàsì, mo ń sunkún. Ibẹ̀ ni Bishara ti bá mi, bàbá arúgbó tó ń ya fọ́tò èèyàn ní ilé ẹja létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń wo ẹja láàyè nínú gíláàsì, tó ya ìwọ náà nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ó wá wo ọmọ-ọmọ àbúrò rẹ̀ ni. Ó gba àwọn fọ́tò náà lọ́wọ́ mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àlájà, ta lẹ fẹ́ yà gan-an, ọmọ ni àbí ara yín? Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ya ẹja lẹ́yìn gíláàsì. Ohun tó bá mọ́lẹ̀ níwájú gíláàsì ni gíláàsì ń dá padà. Aṣọ funfun yín ló bo ọmọ yìí lójú. Ẹ wá aṣọ dúdú." Mo ní Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́, kí n wọ dúdú dúró lórí ìkókó! Ó ní, "Ó dáa. Ẹ máa ya aṣọ òkú lọ nígbà náà."

Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Lẹ́yìn náà mo lọ sí ilé ìwẹ̀, mo wọ dúdú mi.

Bishara ní kámẹ́rà tó ń pọ fọ́tò jáde lójú ẹsẹ̀, ìwé fọ́tò kan ṣoṣo ló sì kù nínú rẹ̀. Ó lẹ bébà dúdú mọ́ iná rẹ̀ kó má baà kọ mànà. Ó bẹ nọ́ọ̀sì kó pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn wa. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìṣẹ́jú kan o. Bí ọ̀gá bá dé, mi ò mọ̀ yín rí." Bishara wá ní kí n fi aṣọ mi bo òun lórí kí òun lè yà á. Mo ní, "Bishara, ṣé o fẹ́ kí ọkọ mi jí wá bá ẹ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé kámẹ́rà lé mi lọ́wọ́, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń pariwo: "Ẹ gbé imú kámẹ́rà ti gíláàsì pátápátá! Ẹ fa aṣọ bo orí yín, ẹ fi yí kámẹ́rà ká! Ẹ má jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ráyè wọlé!"

Rushdi, bí aṣọ ti bò mí báyìí, ojú mi pòórá lára gíláàsì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo ti ń wo ọmọ náà láti ẹ̀yìn imú ara mi, mi ò mọ̀. Mo wá rí i. Irun wà lórí rẹ̀. Etí rẹ̀ òsì ká bíi ti bàbá rẹ gẹ́lẹ́. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Mo ń sunkún lábẹ́ aṣọ, mo gbàgbé ohun tí mo wá ṣe, títí Bishara fi ní, "Àlájà, àbí ẹ ti sùn ni?" Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ náà la ẹnu, ó yán. Mo tẹ̀ ẹ́.

Mi ò dúró kí àwòrán náà yọ tán. Èmi tí orúnkún ń dùn, mo gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta, mo já wọ yàrá. Nagat gbójú sókè, ó rí mi nínú dúdú. Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn ní, "Ó ti parí nìyẹn," ó di ojú. Ìgbà náà ni mo tó wo ara mi. Kò sí ìbúra kankan tó kù lẹ́nu mi tó máa gbà gbọ́. Mo rìn dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé fọ́tò náà lé e láyà, mo ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wò ó." Ó pẹ́ kó tó lajú. Àwòrán ṣì ń yọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní, "Ó ń yán." Ó tún ní, "Ìyá, òkú kì í yán." Ó fi ìka tọ́ etí ọmọ náà, ó wá béèrè bóyá mọ́gàt ṣì kù. Ó ti tutù, ó mu ún bẹ́ẹ̀ láìsinmi. Ó ní Durriya lorúkọ ọmọ òun, bí o bá fara mọ́ ọn. Jọ̀wọ́, fara mọ́ ọn.

Má tíì yọ̀ jù. Dókítà ṣì ń sọ̀rọ̀ àdúà, bí nọ́ọ̀sì bá sì yára kọjá níwájú mi, màá dìde tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá fún ọ láyè níbi iṣẹ́, máa bọ̀ nílé.

Ọlọ́hun tó ń pa ẹ̀mí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ mọ́ kò ní jẹ́ kí tìrẹ bọ́. Ọ̀nà á là fún ọ. Wàá fi ọwọ́ ara rẹ gbé ọmọ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tí kì í lè jókòó sójú kan,
Àlájà Insaf.

Mo gbàgbé: Nagat ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba fọ́tò tó mọ́ yẹn lọ́wọ́ òun, ìwé ò sì sí mọ́ nínú kámẹ́rà Bishara. Ti àkọ́kọ́ ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ. O lè ṣí i wò báyìí. Má bẹ̀rù. Nǹkan funfun tó bo ọmọ rẹ lójú yẹn, ìyá rẹ ni.