Póǹpù Ẹni Tó Kẹ́yìn

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta

Èmi náà ni mo tún kẹ́yìn. Òfin ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ wa kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá dé kẹ́yìn ni yóò gbé póǹpù kọ́rùn nígbà tí a bá tún máa jáde. Taya ẹnikẹ́ni tó bá jò, òun náà ni yóò fi afẹ́fẹ́ sí i. Póǹpù irin àtijọ́ ni, ó wúwo bí ọmọ tó ti sùn. Ó ti pẹ́ lọ́rùn mi débi pé mo rán fóòmù mọ́ okùn rẹ̀ kó má baà bó mi léjìká. Àǹfààní iṣẹ́ aránṣọ nìyẹn.

Olówó orí mi ni olórí ẹgbẹ́. Olùkọ́ ìṣirò. Nínú ìwé yìí, Fèrè ni mo ń pè é, nítorí fèrè tó máa ń fọn sí wa létí bí ẹni ń da ewúrẹ́. Kò mọ̀ pé orúkọ òun nìyẹn. Kó má mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin

Itan ń ro mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Ìpàdé lẹ́yìn ilé búrẹ́dì. Ẹgbẹ́ òdìkejì odò ń bọ̀ wá bá wa díje ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ — èèyàn mẹ́fà mẹ́fà, títí dé orí òkè táǹkì omi. Ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá dé ni wọ́n máa kà fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Fèrè dìde, ó wúkọ́, ó dárúkọ àwọn tó máa gùn. Kò dárúkọ mi. Ó ní kí èmi dúró lórí òkè, kí n máa fún wọn lómi. Ó ní iṣẹ́ pàtàkì ni.

Èmi tí mo rán aṣọ tó wà lọ́rùn gbogbo wọn. Dókítà eyín ń wo bàtà rẹ̀. Oníbúrẹ́dì, tó jẹ́ pé èmi nìkan ni kì í jẹ́ kó kẹ́yìn, ń jẹ búrẹ́dì.

Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà la ti jí láàárọ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló dùn mí jù, ó dùn mí wọra.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Oúnjẹ dé orí tábìlì. Ọ̀rọ̀ ò bá a dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Màmá — ìyá Fèrè, yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé — ti fura. Ó pè mí, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Mo rò fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó mi, ọmọ yẹn? Ó ti ń hu irùngbọ̀n kó tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Èmi ni mo máa ń di ìjókòó ẹ̀ mú lẹ́yìn, á máa ké pé kí n má fi òun sílẹ̀ o.”

Ọ̀sẹ̀ yìí ò burú tó bí mo ṣe rò.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Mo kẹ́yìn. Póǹpù. Mo wo Fèrè bí ẹni ń wo ògiri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Mo ń gun òkè táǹkì láràárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Fún ìlera ni, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ẹ̀yìn dókítà eyín ti há. Ó tẹ̀ba láti fa eyín ẹnì kan, kò lè nàró mọ́. Ẹni tó wá fa eyín ló gbé e dìde. Ó ku èèyàn márùn-ún, márùn-ún ò sì lè díje.

Fèrè wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fọwọ́ pa aṣọ orí tábìlì, ó bèèrè iye tí mo ń ra bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà ló wá ní òun ń bẹ̀ mí. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń pariwo, n kò gbọ́, ó di dandan kó tún un sọ. (Mo gbọ́.)

Mo gbà. Ó ní kí n fi póǹpù sílẹ̀ nílé kí ara mi lè fúyẹ́. Mo ní òfin ni òfin, èmi ni mo kẹ́yìn. Ó ní olóríkunkun ni mí. Mo ní ẹ ṣeun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Itan ṣì ń ro mí, ṣùgbọ́n mo máa kọ ọ́.

A gbéra. Fèrè wà níwájú, ó ń fọn. Èmi wà lẹ́yìn pátápátá, póǹpù ń gbá mi nídìí. Oníbúrẹ́dì ló ṣáájú mi, ó ń mí bí ẹ̀rọ ìlọta. Ó pẹ́ díẹ̀, òun náà pòórá mọ́ mi lójú. Mo yọ sí ìsàlẹ̀ òkè — ta ni mo rí lẹ́bàá títì? Fèrè. Taya ẹ̀yìn ti lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi bí ẹni ń dá mọ́tò dúró, ó ní Ọlọ́run ló rán mi, kí n yára fi afẹ́fẹ́ sí i.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo bọ́ póǹpù lọ́rùn. Mo wo ẹ̀yìn wa, gbogbo ẹgbẹ́ ti kọjá. Mo ní, “Ẹni tó bá kẹ́yìn ló ni póǹpù. Èmi kọ́ lónìí.” Mo fi kọ́ ọ lọ́rùn, mo gun kẹ̀kẹ́ mi. Ó ń pe orúkọ mi. Nígbà tó yá, ó ń fọn fèrè. Òkè yẹn ò rọrùn fún mi báyẹn rí.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Lẹ́yìn náà la wá ń dúró. Àwọn ará òdìkejì odò dé tán, wọ́n mu omi wa. Taya Fèrè tún ti jò lẹ́yìn tó fi afẹ́fẹ́ sí i, ẹsẹ̀ ló fi rìn dé, ó ń ti kẹ̀kẹ́. A fìdí rẹmi. Ó yẹ kí inú mi bàjẹ́. Mo wá ìbànújẹ́ náà títí, n kò rí i.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Fèrè gbé póǹpù. Fèrè tún kẹ́yìn.

Níbi ìpàdé, Oníbúrẹ́dì bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ọ̀gá, tá a bá lọ bá wọn gùn ún padà lóṣù tó ń bọ̀, ṣé ẹni tó kẹ́yìn náà ló máa dúró ti omi?” Gbogbo wa gbójú sókè. Fèrè ní ká fagi lé òfin póǹpù, ká máa gbé e yípo. Gbogbo ìgbà tó fi wà lọ́rùn mi, kò sẹ́ni tó ronú kàn án. A dìbò. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló lọ sókè, Fèrè ló sì ni ín.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Màmá bi í nídìí oúnjẹ bóyá kí òun wá di ìjókòó mú. Ó ní kí n bu ọbẹ̀ sí i fún òun.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Póǹpù tún wà lọ́rùn rẹ̀ lónìí. Nígbà tí a délé, ó bọ́ aṣọ, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Okùn ti bó o léjìká, ó pọ́n yòò. Ó ní, “Ṣé bó ṣe ń jẹ ẹ́ nìyí látọjọ́ yìí? Mi ò mọ̀ o. Kò yẹ kí n sọ̀rọ̀ omi yẹn lójú gbogbo wọn. Má bínú.” Òun fúnra rẹ̀ ló tún un sọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń pariwo. Omi bọ́ lójú mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti ń retí.

Mo fi ìpara pa á léjìká jẹ́jẹ́. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń jẹ èèyàn nìyẹn.

Fóòmù wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdíje ni mo tú u kúrò lára okùn, mo ń fa òwú rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo máa rán an padà. Kì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí.