Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Mi Fún Oníwèé

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo fi èjìká yín ṣe ẹṣin,

Mùlíkà ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó Gàníyù ọmọ ọmọ mi ni, opó sì ni báyìí. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe wí i ni kó ṣe kọ ọ́, kó má bá mi tún un ṣe, kó má sì sunkún sórí bébà.

Wọ́n pa Gàníyù lọ́nà oko. Àwọn ajínigbé ti sọ oko wa di ibi tí èèyàn ń yọ́ lọ. Iṣu ń jẹrà sínú ebè níbi tí ẹ ti ń gbin ọkà bàbà. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú wá kóra jọ, wọ́n ń fi ìbọn ṣakabùlà ṣọ́ ọ̀nà, Gàníyù sì wà lára wọn. Lọ́jọ́ náà, ìbọn dún láti inú igbó. Àwọn yòókù dọ̀bálẹ̀ láàárín ebè. Gàníyù nìkan ló dìde dúró, ó ń pe ọfọ̀. Àwọn tó dọ̀bálẹ̀ ló wálé.

Inú ìwé ló ti rí ọfọ̀ náà. Ìwé yín ni. Ẹ rántí ọkùnrin tó wá láti ìlú òkèèrè, tó ń kó ìtàn àtijọ́ àti oògùn àwọn ọdẹ jọ, tó gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ sórí àga yín? Mo wá kí yín nígbà náà, mo ń tọ́ àkọ́bí mi lọ́wọ́. Ó jẹ ẹran ẹtu tí ẹ pa, ó sùn sílé yín, ó ní òun kò ní lọ àfi tí ẹ bá fún òun ní ọfọ̀ tí kì í jẹ́ kí ìbọn ran ọdẹ. Ẹ ní ọdẹ kì í bọ́ra síhòhò fún àlejò. Ó ń bẹ̀ yín ṣáá. Nígbà tó lọ tán, ẹ wá bá mi nídìí ààrò, ẹ ń rẹ́rìn-ín débi pé áṣáà dànù lọ́wọ́ yín.

"Mo ti fún un ní tọmọdé. Àlejò kì í lọ lọ́wọ́ òfo."

Èmi rò pé àlọ́ ìjàpá ni. N kò bi yín.

Ẹ ti kú kí ìwé náà tó dé. Àwòrán yín wà nínú rẹ̀, ẹ gbé ìbọn lé itan. Gbogbo ilé yọ̀. N kò mọ̀wé, àwòrán ni mo ń wò. Mo fi aṣọ òfì wé e, mo tì í mọ́nú àpótí, títí Gàníyù fi wá bẹ̀ mí pé òun fẹ́ kà á. Èmi fúnra mi ni mo ṣí àpótí. Ó ka ìtàn iwin, ó ka ìtàn ẹtu tó di obìnrin, ó wá dé ibi tí wọ́n kọ orúkọ yín sí.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí a ṣe fìdáù rẹ̀, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, tí wọ́n ń pè ní Baba Sàfù, jókòó tì mí.

"Ìyá àgbà, Gàníyù kò dójú tì wá o. Ó dúró gbọn-in."

"Kí ló wá pa á?"

Ó fojú gún Mùlíkà tó ń bu ìrẹsì. "Ọfọ̀ baba yín kì í tàsé. Gàníyù ló gba omi mu lọ́wọ́ aya tó ń ṣe nǹkan oṣù. Ta ni kò mọ̀ pé ìyẹn ń ba oògùn jẹ́?"

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Mùlíkà, kọ ọ́. Mo ní kí o kọ ọ́.

Baba Sàfù wá ní kí àwọn ọmọ ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí baba mi fi sílẹ̀. Wọ́n dìde. Ràsákì, àbúrò Gàníyù, ló ṣáájú wọn, torí òun ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀gbọ́n rẹ̀:

Odò kì í gbé ẹja,
Ẹ̀fúùfù kì í gbé òkè,
Ẹni èjìká kì í fẹsẹ̀ kan omi.

Bàbá, mo gbé àwo ìrẹsì mi sílẹ̀.

Èmi ni ẹni èjìká. Bí odò ọ̀nà oko bá kún, tí mo bá ń ké pé n kò sọdá, ẹ máa gbé mi kọ́ ọrùn, ẹ ó sì máa sọ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi gúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń tan ọmọ kó má sunkún ni. Ẹ̀yin pàápàá kò mọ odò wẹ̀, ẹsẹ̀ yín máa ń gbọ̀n lábẹ́ mi. Ọwọ́ yín tó di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú ni kò jẹ́ kí n bọ́ sómi, kì í ṣe ẹnu yín. Ta ló di ẹsẹ̀ Gàníyù mú?

Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún oníwèé pé ọmọdé ló ni ín? Ṣé ẹ rò pé ó mọ̀? Àbí ẹ kò ní èyí tó jù ú lọ? Mo mọ̀ yín. Bí ẹranko burúkú bá ké, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ gun igi. Ẹ kò dúró de ìbọn ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀ ń sá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi darúgbó.

Ràsákì ń lọ ṣọ́ ọ̀nà oko lọ́la. Tí mo bá dákẹ́, orúkọ yín á dúró nínú ìwé, àwọn ọmọ á sì máa dìde dúró níwájú ìbọn, wọ́n á sì máa fi òkú wọn sọ́rùn àwọn ìyàwó wọn. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní òpùrọ́ ni baba mi. Mo ti wò ó. Òkú kì í tún kú. Ẹ̀yin lẹ máa fara gbá a. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín kí ẹ má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ má bínú. Bí ẹ bá sì fẹ́ bínú, ẹ bínú.

Èmi ni, ẹni èjìká yín, tí òórùn áṣáà yín kò tíì kúrò nímú rẹ̀.

Mùlíkà, má tíì pa bébà náà dé. Ìwọ ti gbọ́, ọwọ́ rẹ ló kọ ọ́: omi tí o bù fún ọkọ rẹ kò ṣe nǹkan kan. Lọ pe Ràsákì wá nísinsìnyí. Lẹ́yìn rẹ̀, Baba Sàfù. Kó kó gbogbo àwọn ọmọ náà wá, kí o kà á sí wọn létí lójúde, kí àwọn obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ rẹ sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó gbé mi kọ́ ọrùn, ká jọ lọ sódò. Tí Ràsákì bá ṣì fẹ́ lọ ṣọ́ oko, kó lọ, oko baba rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé èmi ni mo ní kí o sọ ọ́: bí ìbọn bá dún, kó dọ̀bálẹ̀.