Dóńgóyárò Tí Mo Gbìn Láìtọrọ Ilẹ̀

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí mo ṣe, kò sí ẹni tí mo lè rò ó fún ládùúgbò, torí gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò sí níbẹ̀.

Iléeṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta lẹ́yìnkùlé wa ní Ìfọ̀ ṣì ń fọ́ ọ. Eruku tó pa yín náà ló ń bà lé aṣọ oníbàárà lórí máṣíìnì ìránṣọ tí mo jogún lọ́wọ́ yín. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi fìlà gbọn àga kí ẹ tó jókòó? Gèlè ni èmi fi ń gbọn tèmi. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí. Ohun tó ká mi lára ni pé Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin péré, ti ń wú irú ikọ́ yín. Ikọ́ yẹn gan-an, Bàbá! Mo búra pé kò ní pa ẹni méjì nínú ilé kan.

Lọ́jọ́ imọ́tótó, mo kó gbogbo àwa ayálégbé jáde. A ti hú dóńgóyárò wẹ́wẹ́ lábẹ́ igi ńlá tó wà létí réluwéè. A gbìn wọ́n láti ojúlé wa lọ dé ẹ̀gbẹ́ ọgbà iléeṣẹ́ náà, kí ewé wọn lè máa gba eruku dúró. Inú wa ń dùn ṣìnkìn.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ya dé, lọ́sàn-án gangan, àdá lọ́wọ́. Wọ́n bẹ́ àwọn igi náà bí ẹni ń bẹ́rí adìẹ. Wọ́n fọ́ fèrèsé. Wọ́n fi pẹlẹbẹ àdá na bàbá Àbẹ̀kẹ́ títí ó fi ṣubú, tí ẹ̀jẹ̀ bo eyín rẹ̀. Mo rò pé iléeṣẹ́ yẹn ló rán wọn. Ẹ mọ inú tí mo ní. Áyọ́ọ̀nù eléèédú yín wà lọ́wọ́ mi, ó gbóná janjan. Mo fi gbá ẹni tó sún mọ́ mi jù lójú. Mo tún gbá a. Ẹ̀yinná dà sí i lójú, ó ń ké bí ẹran. Àṣé Ṣẹ́gun ni, ọmọ Bàbá onílẹ̀ wa, Ṣẹ́gun tó pọ̀n yín dé ọsibítù nígbà tí ẹsẹ̀ yín ò gbé yín mọ́.

Ojú òsì rẹ̀ ti fọ́, Bàbá.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá onílẹ̀ wá là mí lóye pé àlejò kì í gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀, torí ẹni tó gbin igi, ilẹ̀ ló ń gbà. Ká ní mo mú obì lọ tọrọ ni, àwọn fúnra wọn ni ìbá bá wa gbìn ín, ṣebí eruku kan náà là ń fà símú. Ogún ọdún tí ẹ fi gbé níbẹ̀, àgbàdo àti ilá nìkan lẹ gbìn. Mo sì ń pè yín ní ojo nínú ọkàn mi! Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi? Àbí ẹ sọ ọ́, tí mo ti kọtí ikún?

Wọn ò pe ọlọ́pàá. Bàbá onílẹ̀ ti fọwọ́ ara wọn tún igi míì gbìn, kó lè jẹ́ tiwọn. Àwa ń kó lọ sí Akútè lópin oṣù yìí.

Àná, mo lọ kúnlẹ̀ fún Ṣẹ́gun. Mo ti múra de èébú, mo ti múra de ìgbájú. Ó fi ojú kan tó kù wò mí, ó ní ṣé ikọ́ Àbẹ̀kẹ́ ti ń fúyẹ́.

Ìbá kúkú gbá mi, Bàbá.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tí ojú ń tì.