Ọdún Mẹ́ta Tí Mo Fi Páàdì Sílẹ̀

Wọ́n ní ẹ sọ̀rọ̀ kan kí ẹ tó dákẹ́... wọ́n ní èmi ni ọ̀rọ̀ náà bá wí... pé kí wọ́n sọ fún mi kí n... Àǹtí aránṣọ gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá. Màmá gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá Kékeré lórí fóònù, fóònù náà sì ń já ṣáá. Nígbà tó fi máa dé etí mi, gbogbo ohun tó kù nínú rẹ̀ ni: "Ó ní kó fi sílẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá mi, ọdún mẹ́ta rèé! Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti lọ, ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti fi géèmù sílẹ̀, torí wọ́n ní ẹ̀yin lẹ wí bẹ́ẹ̀.

Yàrá iwájú tí ẹ to tẹlifíṣọ̀n sí, tí àwọn èèyàn ti ń wá fi ọkọ̀ inú géèmù díje, ti di ibi ìránṣọ. Ẹ̀rọ Àǹtí ló wà níbi àga yín. Níbi tí àwọn oníbàárà ti ń pariwo "Kọ́nà dé o!" tí wọ́n bá rí yín, torí kò sẹ́ni tó lè yà yín sílẹ̀ ní kọ́nà, ìró abẹ́rẹ́ nìkan là ń gbọ́ níbẹ̀ báyìí. A ti kun ilé. Àmì tí orí yín fi sára ògiri, níbi tí ẹ máa ń fẹ̀yìn tì, ọ̀dà ti bò ó. Mo dúró síbẹ̀ wò ó títí ọ̀dà fi gbẹ.

Ẹ mọ̀ mí. Ilé ni mo ti kàwé, Màmá ni olùkọ́ mi, bí àlejò bá sì wọlé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni kí wọ́n máa wá mi lọ. Inú géèmù yẹn nìkan ni ojú kì í ti tì mí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má máa fi agbára ti igi kékeré orí páàdì tí a fi ń ṣe géèmù, pé àtàǹpàkò ni kó rọra máa darí rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń nu omijé lójú ọmọ. Ẹ̀yin lẹ ní tí mo bá sáré jù wọ kọ́nà, màá lọ́ra jáde. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Bíréèkì nìkan ló ń ṣe mí bó ṣe wù ú. Màá fa bọ́tìnnì ọwọ́ òsì wálẹ̀ pátápátá, màá já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ á fì, á lọ kọ lu ògiri. Ẹ ó sì bú sẹ́rìn-ín: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé iná jó ẹ lọ́wọ́ ni?"

Ìṣẹ́jú àáyá kan ni ẹ fi ń yára jù mí lọ ní ìyípo kan. Kan péré! Ìyẹn ló kọ̀ tí kò tán, tí wọ́n fi gbé yín lọ sí ọsibítù.

Mo rò pé mo sú yín ni. Mo rò pé ẹ rò ó lórí ibùsùn yẹn, ẹ sì rí i pé n kò ní í mọ̀ ọ́n láé. Ta ni mo fẹ́ bi? Àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀, èmi ń gbọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ yẹn mà gbọ́ràn o, ó fi sílẹ̀ lóòótọ́." Mo tẹrí ba. Wọn ò mọ̀ pé tí mo bá ń gbálẹ̀, ìka òsì mi ṣì ń fa bíréèkì lára ìgbálẹ̀.

Láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yín ni Bàbá Kékeré ti bá iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi lọ, wọn ò sì wálé títí di ọ̀sẹ̀ yìí. Wọ́n wọ yàrá iwájú, wọ́n rí aṣọ níbi gbogbo. "Géèmù ọmọ yìí dà?"

Màmá ní, "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ó ní kó fi sílẹ̀?"

"Ìyàwó wa, o ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán! Mo kàn gbọ́ ẹkún ni, fóònù sì já. Mo rò pé ẹ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀."

Màmá fa páàdì yín jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Rọ́bà rẹ̀ ti yọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Bọ́tìnnì òsì ti gan. Mo gbà á wọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo gbá a mọ́ra bẹ́ẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá mi, àárò yín ń sọ wá! Ilé ti dára, ilé ò dùn. A fẹ́ràn yín lánàá, a fẹ́ràn yín lónìí, ẹ ò sì sí nílé mọ́ kí n pè yín.

Mo jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo bẹ Bàbá Kékeré kí wọ́n sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́, kí wọ́n má yọ, kí wọ́n má fi kún un. Wọ́n ní báyìí lẹ wí:

"Ẹ bá mi sọ fún àbúrò mi, ó kù díẹ̀ kó lé mi bá. Bíréèkì yẹn, kó má já a sílẹ̀ lójijì mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni kó fi sílẹ̀."