Rọ́bà Tí A So Mọ́ Gọ́fánọ̀

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá mi, mo kí yín, ẹ kú àdúrà ọmọ tó wà ní ìdálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Adéọlá, ṣé àlàáfíà ni ilé wà? Tíṣà tí ẹ ń bá wa ka ìwé yìí sókè, ẹ kú làálàá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fo ibì kankan níbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ le létí.

Ẹ óò máa bi ara yín pé kí ló dé tí mo fi gbé lẹ́tà ilé fún àwọn oníwèé ìròyìn. Ọ̀gá mi ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà sí ìta. Ó rán awakọ̀ kan láti Ìwó Road kí ó sọ fún yín pé mo fẹ́ ba òun jẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti yí Ìrágbìjí po kí n tó gbọ́. Tí gbogbo ìlú bá ti gbọ́ apá kan, ó yẹ kí gbogbo ìlú gbọ́ apá kejì. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, ẹ jọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ni, ẹ̀yin náà lẹ sì fà mí lé e lọ́wọ́.

Ìdáhùn yín sí ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ ní kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, kí n fọwọ́ sí ìwé tó kọ, kí n sì pa ẹnu mi mọ́. Bàbá, inú bí mi. Inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń kọ èyí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣé nítorí pé ọ̀rẹ́ yín ni àgbà tó wà lọ́jà yìí ni òwe náà kò fi bá a wí mọ́?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa. Ilé ìlagi wa kò jìnnà sí Ring Road, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló sì ń yí ayùn. Èmi ni mo ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì, Lámídì ará Ìsẹ́yìn ló sì ń ti igi sí ayùn lẹ́nu. Ohun kan wà lára ẹ́ńjìnnì náà tí à ń pè ní gọ́fánọ̀. Irin kékeré méjì ló ń yí nínú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré jù, irin wọ̀nyẹn á ya apá, wọn á fa ọ̀pá kan, ọ̀pá náà á sì dín epo kù. Bí igi líle bá wọ ayùn tí eré ẹ́ńjìnnì dínkù, wọn á padà sún mọ́ ara wọn, epo á tún pọ̀ sí i. Sípíríǹgì kan ló ń fà wọ́n padà. Ìjánu ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Kò sí ẹni tó máa gun ẹṣin tí kò ní ìjánu, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa rò pé irin kì í ya wèrè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, sípíríǹgì náà já. Ọ̀gá ní òun ti ránṣẹ́ sí Èkó fún òmíràn. Àwọn tó ń kọ́ ilé tuntun ní Bódìjà ń dúró de pákó òrùlé, wọ́n ń pariwo. Mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, mo fi so gọ́fánọ̀. Ẹ mọ̀ pé rọ́bà yẹn la fi ń di ẹrù mọ́ kẹ̀kẹ́, òun la fi ń dí páìpù tó ń jò, òun la fi ń so ilẹ̀kùn tí kò ní ìkọ́. Kò sí ohun tí a kì í fi í so nílẹ̀ yìí. Mo ní ọjọ́ kan péré ni. Ẹ gbọ́ o, Bàbá, èmi ni mo so ó. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi lọ́jọ́ náà.

Rọ́bà náà le ju sípíríǹgì lọ, nítorí náà ẹ́ńjìnnì ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀. Pákó ń jábọ́ wìtìwìtì. Ọ̀gá wá dúró, ó dẹ etí sí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́run ló gba ọwọ́ mi ṣe é. Nígbà tí sípíríǹgì tuntun dé lọ́jọ́ kẹta, ó tì í mọ́ inú tábìlì rẹ̀. Mo sọ fún un pé rọ́bà kò mọ ìgbà tó yẹ kó dẹwọ́. Ó ní ìwé mẹ́fà tí mo kà ti ń gùn mí, pé òyìnbó ló mọ̀ọ́mọ̀ fi gọ́fánọ̀ síbẹ̀ kí iṣẹ́ aláwọ̀ dúdú má baà yá, àti pé a ti gba òmìnira. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n fi rọ́bà kejì kún un, mo sì fi kún un.

Ìyá kan wà tó máa ń wá kó ìyẹ̀fun igi lọ dáná. Ìyá náà bi mí láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ta ló ń lé ẹ́ńjìnnì yìí, pé igbe tó ń ké kì í ṣe èyí tí òun mọ̀ ọ́n mọ̀. Kò mọ irin kan yàtọ̀ sí èkejì, ó sì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Mo dá a lóhùn pé iṣẹ́ ló pọ̀. Tí mo bá rántí èsì yẹn, ojú máa ń tì mí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ṣẹlẹ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, bẹ́líìtì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ayùn tutù, ó sì yọ̀ kúrò lára ayùn. Ẹrù kúrò lọ́rùn ẹ́ńjìnnì lójijì. Gọ́fánọ̀ fẹ́ dín epo kù, rọ́bà méjèèjì kò gbà fún un. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù. Mo fa ọ̀pá tí a fi ń pa á, kò gbọ́. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo fi dí ihò tó fi ń mí, ìgbà yẹn ló tó kú. Ṣùgbọ́n wíìlì ńlá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti fọ́ kó tó kú, àfọ́kù irin kan sì ti ba Lámídì ní ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n gé ọwọ́ náà ní ọsibítù, ní ìsàlẹ̀ ìgunpá.

Ọwọ́ ọ̀tún o, Bàbá! Káfíńtà ni yín, ẹ wo tiyín.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá ti gé rọ́bà kúrò, ó ti fi sípíríǹgì tuntun sí i. Sípíríǹgì ń dán gbinrin lára ẹ́ńjìnnì tó ti fọ́. Ó na ìwé kan sí mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Lámídì lọ ń fọwọ́ ṣeré lára ẹ́ńjìnnì nígbà tí mo lọ jẹun. Lámídì tí kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì yẹn rí! Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn lébìrà ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ó bá gbà pé Lámídì ló fà á, Lámídì kò ní rí nǹkan kan gbà, ọmọ mẹ́ta ló sì ń bọ́. Ọ̀gá ní ọwọ́ ti lọ, òtítọ́ kò lè mú un hù padà. Ó ní bí mo bá fọwọ́ sí i, èmi ni fóómànù. Bí mo bá kọ̀, ó ní kí n má gbàgbé ẹni tó so rọ́bà.

Láti ìgbà náà, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń yà fún mi lọ́nà. Mo padà sí yàrá mi ní Àgbowó, òjò ń rọ̀ lórí páànù, èèyàn kún ilé, kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Ẹ̀yin ni mo ní lọ́kàn pé ẹ óò gbè mí lẹ́yìn. Ìwé yín dé, ẹ ní kí n lọ dọ̀bálẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kí Lámídì, ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo pa ẹ́ńjìnnì, pé èmi ni kò jẹ́ kí ọkọ òun kú. N kò sọ ti rọ́bà fún un. Mo sá jáde bí olè.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. N kò fẹ́ kó tó ogún ọdún. Mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá lẹ ti ń ra pákó, mo mọ̀ pé ó lè bínú sí yín nítorí mi. Ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wọ mọ́tò wá bá mi bẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá máa wá, ẹ wá dúró tì mí.

Mo padà sí ọsibítù lánàá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún tọkọtaya náà, láti orí rọ́bà kìíní dé orí èkejì. Lámídì kọ ojú sí ògiri. Ìyàwó rẹ̀ kò bú mi. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí, pé ṣé mo máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀gá, níwájú ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá, n kò ní ẹnu kejì tí mo máa fi sọ òmíràn.

Ẹ bá mi kí ará ilé àti ará ìjọ, ẹ kí gbogbo alábàágbé wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn àti ọwọ́ pípé jíǹkí yín. A ó fojú kan ara wa láyọ̀, ì báà ṣe ilé ni mo ti wá, ì báà ṣe ẹ̀wọ̀n.

Èmi ni, ọmọ yín,
Adégòkè