Ẹyin Orogún Ìyá Onílé Mi

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú àtìjọ́, ẹ sì kú àmúmọ́ra ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Aramoko níbí. Mo kí bọ̀dá mi àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo àwọn ìyá inú agboolé, mo sì kí àbúrò mi Kàmọ́rù tó máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kàmọ́rù, rọra kà á, má fo ibì kankan. Mo fi í síta gbangba nítorí mo gbọ́ pé gbogbo àdúgbò wa ní Ìkìrun ló ń sọ ọ́ pé Àjọkẹ́ jókòó sí Èkìtì, ó ń sàba lé ẹyin ahun. Òótọ́ ni. Kí wọ́n kúkú gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ẹ mọ ọmọ tí ẹ bí. Mo kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, mo fi sílẹ̀. Mo kọ́ irun dídì, mo fi sílẹ̀. Iṣẹ́ fíríìjì títúnṣe nìkan ni mo kọ́ parí, òun náà sì ti gbé mi dé Òṣogbo, Iléṣà àti Ẹ̀fọ̀n kó tó gbé mi dé ibí. Bí mo bá ti pẹ́ díẹ̀ níbì kan, àtẹ́lẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ẹ máa ń sọ pé n kì í lè dúró kí iṣu jinná kí n tó ṣí ìkòkò.

Ní oṣù keje, òjò kò jẹ́ ká rí oòrùn. Iná kì í sábà wà, òtútù sì mú débi pé kò sẹ́ni tó ń wá omi tútù, kí ni wọ́n fẹ́ fi fíríìjì ṣe? Owó ò wọlé, ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ń jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ń wo ọ̀kadà tó ń lọ sí Ìjerò, mo sì ń jowú àwọn tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Bí mo ṣe di ẹrù mi nìyẹn. Mo ní n ó bá ọkọ̀ ọjọ́ Sátidé lọ. N kò tilẹ̀ tíì mọ ibi tí mò ń lọ.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé yẹn ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Ìyá onílé mi, opó kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ní ahun kan tó ń rìn káàkiri àgbàlá. Ọkọ wọn ló gbé e wálé láti oko kòkó nígbà ayé rẹ̀, ó sì ń pè é ní ìyàwó kékeré. Ìyá náà bá a ṣeré náà, wọ́n ń pè é ní orogún mi. Nígbà tí bàbá kú, tí àwọn ọmọ ti lọ sí ìlú òkèèrè, ó ku ìyálé àti orogún nínú ilé. Wọ́n jọ ń jẹ ìbẹ́pẹ láàárọ̀, wọ́n sì ń bá a jà bó bá ya ìgbẹ́ sí ẹnu ọ̀nà.

Ọkọ̀ tó já iyanrìn fún aládùúgbò wa fẹ̀yìn rìn, ó sì tẹ ahun náà pa. Ìyá kò sunkún. Wọ́n lọ dúró sábẹ́ igi ọsàn, wọ́n ṣí agbòjò lé ilẹ̀ lórí. Ibẹ̀ ni ahun gbẹ́ ihò sí láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó yé ẹyin mẹ́ta sí, omi òjò sì ti ń ṣàn wọ ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n wọlé, kí òtútù má mú wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n ní:

"Ọmọ orogún mi rèé, Àjọkẹ́. Kí ni n ó wí fún ọkọ mi?"

Ẹnu mi sáré jù mí lọ. Mo ní n ó pa ẹyin náà fún wọn. Ẹrù mi sì wà ní dídì nínú yàrá o.

Fíríìjì kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti jó, ẹni tó ni ín sì ti ní kí n jù ú nù. Mo rò ó pé ara tó mọ bí a ti ń pa òtútù mọ́ á mọ bí a ti ń pa ooru mọ́. Mo tú ẹ́ńjìnnì kúrò, mo dá ihò kéékèèké sí i lára kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, mo so gílóòbù kan rọ̀ sínú rẹ̀. Mo gbé abọ́ omi sísàlẹ̀, mo bu iyanrìn tútù sínú abọ́ mìíràn, mo sì so ohun tí mo fi ń wọn òtútù fíríìjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kó máa bá mi wọn ooru. Bí iná bá lọ, n ó se omi, n ó rọ ọ́ sínú ìgò, n ó fi àkísà wé e, n ó tò ó yí ẹyin ká.

Mo ṣe bí ẹ ti kọ́ mi. Ẹ rántí ìgbà tí àgbébọ̀ yín kú lórí ẹyin, tí ẹ fi páálí àti àtùpà pa wọ́n? Kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹyin, ẹ fi èédú fa àgbélébùú sí òkè rẹ̀. Èmi náà fà á sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí n tó gbé wọn kúrò nínú ihò. Láàárọ̀ mo yí wọn, ní ìrọ̀lẹ́ mo yí wọn. Inú mi ń dùn pé mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní ọjọ́ kẹrin, tíṣà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní baolójì gbé fáànù wá fún àtúnṣe, ó sì bá mi níbi tí mo ti ń yí ẹyin. Ó ní kí n dúró ná.

"Ẹyin ahun kì í ṣe ẹyin adìyẹ," ló wí. "Bí ìyá rẹ̀ bá ṣe fi í lélẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà títí á fi pa. Bí ẹ bá ń yí i, ọmọ inú rẹ̀ á kú."

Mo yára gbé ọwọ́ kúrò lára wọn. Ó bi mí bóyá mo mọ ojú tó wà lókè nígbà tí mo kó wọn. Ìgbà yẹn ni mo rí àgbélébùú èédú yín. Ìyá mi, ohun tí ẹ kọ́ mi ló mú mi ṣìṣe, òun náà ló sì jẹ́ kí n rí ọ̀nà àtúnṣe. Mo dá wọn padà sí bí wọ́n ti wà, àgbélébùú sókè, n kò sì fọwọ́ kàn wọ́n mọ́.

Mo bi tíṣà pé ọjọ́ mélòó ló kù. Ó ní ó tó oṣù márùn-ún. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Àwọn oṣù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè. Ẹni tó ń pààrọ̀ ìgò omi gbígbóná kò lè lọ sí Ìdó-Ilé kó pẹ́ níbẹ̀. Mo ń rìn yí fíríìjì ká. Mo ń bínú sí ẹyin tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹrù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo bá nílò aṣọ, n ó fa ọ̀kan yọ, n ó ní ọ̀la ni mò ń lọ. Nígbà tó di oṣù kẹta tí mo ti ń ṣọ́ wọn, ọ̀kan nínú ẹyin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ló pa á. Mo sin ín sábẹ́ igi ọsàn, mo sì sunkún bí ọmọdé. Ìyá onílé kò bá mi wí. Wọ́n ní uṣu ti jinná, bí wọ́n ṣe ń pe iṣu níbí, kí n wá jẹun.

Ìgbà náà ni ẹ pè mí, tí ẹ bi mí ìgbà tí mò ń bọ̀, tí mo fi ohùn ará ibí dá yín lóhùn pé n kò lè fi ulé sílẹ̀ báyìí. Ẹ ní, "Ulé wo?" Mo fi rẹ́rìn-ín, mo yí ọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ nínú ohùn yín pé ó dùn yín.

Ọ̀yẹ́ dé, mo ń fi gílóòbù kún gílóòbù. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì, mo rí i tí èèpo ẹyin kan ti ya, tí imú kékeré kan yọ síta. Ó gbà á di ọjọ́ kejì kó tó jáde tán. Mo jókòó tì í. Èmi, mo jókòó. Ìyá onílé gbé e sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ọmọ orogún mi dé ulé," ni wọ́n wí, ẹkún tí wọn kò sun ní oṣù keje sì dà.

Mo ní ó yá, kí n wá yín wá wàyí. Mo gbé àpò mi kí n tún un dì, ó fúyẹ́. Gbogbo aṣọ mi ti bọ́ sórí okùn àti sínú àpótí, n kò mọ ìgbà tí mo kó o tán.

Mò ń bọ̀ nílé ní Sátidé, ìyá mi, n ó sì lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ yín. Ẹyin kan ṣì kù, àgbélébùú rẹ̀ ṣì wà lókè. Tíṣà àti ìyá onílé á máa bá mi pààrọ̀ ìgò. Ẹ se iṣu dè mí, n ó dúró kó jinná. Bí a bá jẹun tán, ẹ tún bi mí pé ulé wo, n ó sọ fún yín.

Ọlọ́run á fa ẹ̀mí yín gùn, ẹ ó jẹ èrè gbogbo ohun tí ẹ fi ọwọ́ kọ́ wa. Àárẹ̀ ò ní ṣe yín, ẹ ò ní fi ojú wá ọmọ tì. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ bá mi kí àwọn àgbébọ̀ yín pẹ̀lú.

Èmi ni ọmọ yín tó ti ń kọ́ ìdúró,
Àjọkẹ́