Bọ́dúnrìn àti Ìwé Físíìsì Rẹ̀

Ojúlé Kọkànlá,
Mọ̀lípa,
Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Òkúdù, 2025.

Rose, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù Jos, ìwọ àti gbogbo ará ilé. Ṣé ara yín le? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá nígbà tí a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín ní àlàáfíà.

Mo rí i pé o ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí. Má bínú sí mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé fóònù láti pè ọ́ padà, tí mo tún gbé e sílẹ̀ kó tó dún lọ́dọ̀ rẹ. Mo mọ̀ pé wàá béèrè Bọ́dúnrìn, ẹnu mi ò sì ní lè sọ ọ́. Rose, jọ̀wọ́ jókòó. Bọ́dúnrìn ọkọ mi ti kú. Ọjọ́bọ̀ kẹta nínú oṣù Ẹ̀bìbí ló kú, a sì ti sin ín.

Ìwọ lo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń ka físíìsì ní yunifásítì nígbà tí èmi ń ka Yorùbá, ìwọ náà lo mú un wá sí yàrá wa pé kó wá bá mi tún áyọ́ọ̀nù tó bàjẹ́ ṣe. Títí di ọdún yìí náà, ẹni tó máa ń tú nǹkan palẹ̀ láti wo inú rẹ̀ ni.

Mi ò tíì sọ fún ọ pé ó ń kọ ìwé. Láti ọdún méjì sẹ́yìn ló ti ń kọ físíìsì ní Yorùbá sínú ìwé ńlá kan, fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ayépé. Ó ní wọ́n á ka ìtumọ̀ gbogbo nǹkan ní Gẹ̀ẹ́sì láìṣì í, ṣùgbọ́n bí òun bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n kà yẹn, wọ́n á máa wojú ara wọn. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, á jókòó tì mí, á máa bi mí ní ọ̀rọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan la fi jiyàn lórí “agbára” àti “ipá.” Mo ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ó ní rárá, agbára ni ohun tó wà lára èèyàn kó tó dìde. Ipá ni ohun tó fi ti ilẹ̀kùn nígbà tó dìde tán. Èmi tí mo kàwé Yorùbá ni mo wá ń kọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀.

Ní ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́, ó wà ní kíláàsì àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Ó ń ṣàlàyé fún wọn pé bí a bá gbé àpò gààrí kan dé inú òṣùpá, gààrí inú rẹ̀ ò ní dín, ṣùgbọ́n àpò náà á fúyẹ́ lọ́wọ́, torí òṣùpá ò fa nǹkan tó bí ilẹ̀ ayé ṣe ń fà á. Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ jù ú sílẹ̀ ni, torí bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá ń kọ́ wọn bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan. Wọ́n ń dúró kó ṣàlàyé. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ameenat ló kọ́kọ́ rí i pé ẹnu rẹ̀ ti yí sápá kan, ló bá figbe ta, ó sáré lọ pe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò ní ọsibítù. Nígbà tí a padà délé, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbéra mọ́, ọ̀rọ̀ sì lọ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù: “Ó dáa.” Bí mo bá béèrè bóyá ebi ń pa á, á ní ó dáa. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro ó, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, á ní ó dáa. Ọjọ́ tí Tìmílẹ́yìn bi í pé, “Dádì, kí ni orúkọ mi?” tó wò ó títí, tó wá sọ pé ó dáa, ọmọ náà sá wọ inú yàrá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, Rose. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, Ameenat wá sílé wa pẹ̀lú ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan, Abdulbasit. Abdulbasit dọ̀bálẹ̀, Ameenat kúnlẹ̀ kí wa, ọmọbìnrin náà ò sì fẹ́ dìde.

Ó ní, “Mà, ẹ forí jì wá. A jókòó ni, à ń wo Sà. A ò mọ̀ pé kì í ṣe àpẹẹrẹ ni wọ́n ń ṣe.”

Mo fà á dìde. Mo sọ fún un pé èmi tí a jọ ń gbé yàrá kan gan-an ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tó bẹ́ẹ̀.

Ìwé náà ni wọ́n bá wá. Ilé-ẹ̀kọ́ ò tíì rí olùkọ́ físíìsì míì, ìdánwò sì ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n jókòó ti Sà, kí wọ́n kà á sókè kóun náà lè gbọ́. Ameenat ka ibi tó kọ ọ́ sí pé bí kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì bá ń sá bákan náà, tí ọ̀kan kọjú sí Ayépé, tí èkejì kọjú sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, eré wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ìyára wọn ò dọ́gba, torí ìyára gbọ́dọ̀ sọ ibi tí a dorí kọ. Ó ṣèèṣì fi “eré” sí ipò “ìyára.” Kíá ni Bọ́dúnrìn fi ọwọ́ òsì gbá apá àga oníkẹ̀kẹ́ tí a yá ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó pariwo pé, “Ó dáa! Ó dáa!”

Ẹ̀rù bà wọ́n. Abdulbasit ló sọ pé, “Ameenat, o ṣì í kà ni. Padà sẹ́yìn.” Ó padà, ó kà á dáadáa, ọkọ mi sì fara ti àga. Láti ọjọ́ tó ti dùbúlẹ̀, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Bó ṣe di pé wọ́n ń wá ní gbogbo Sátidé láago mẹ́rin nìyẹn. Wọ́n tó mẹ́sàn-án nígbà tó yá. Ìyá Ameenat, tó ń ta aṣọ níbí, máa ń fi ìkọ́kọrẹ́ rán an, torí ohun tó rọ̀ nìkan ló ń lọ lọ́nà ọ̀fun Bọ́dúnrìn. Lọ́jọ́ kan wọ́n kà á pé lójú físíìsì, ẹni tó bá ti ògiri láti àárọ̀ di alẹ́, bí ògiri ò bá sún, kò tíì ṣiṣẹ́ kankan. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Láti ìdájí ni mo ti ń gbé e, tí mo ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ń fọ aṣọ ìbùsùn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bi í pé, “Ṣé èmi náà ò tíì ṣiṣẹ́ nìyẹn, Bọ́dúnrìn?” Ó mi orí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì lé mi lórí, ó sì fi í síbẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Mo ti ń ní ìrètí, Rose. Ó ti ń pe “omi.” Ó ti ń pe “Tìmí.” Ó wá di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo ń nu ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́, ó kàn wúwo mọ́ mi lára. A ò tíì dé ọsibítù tó fi lọ. Àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ló sọ gbẹ̀yìn. Kò sọ nǹkan kan. Tìmílẹ́yìn ò sunkún níbi ìsìnkú. Ọjọ́ tí wọ́n wá gba àga ṣọ́ọ̀ṣì padà ló sunkún, ó dì í mú, kò jẹ́ kí wọ́n gbé e.

Ọjọ́ karùn-ún tí a sin ín làwọn ọmọ ṣe ìdánwò físíìsì. Ameenat gba ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rùn. Ó ní ìbéèrè kan wà lórí eré àti ìyára, òun sì kọ ọ́ tán kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Olùṣọ́ ìdánwò rò pé kò mọ ìdáhùn ni, ó ń rọ̀ ọ́ pé kó fọkàn balẹ̀.

Àwọn àbúrò wọn ní kíláàsì tó tẹ̀ lé tiwọn ti ń wá báyìí. Mi ò lè lé wọn. Wọ́n ń kà á, mo ń gbọ́. Bí wọ́n bá ṣì í kà, kò sí ẹni tó mọ̀ nínú gbogbo wa.

Ohun kan wà tó jẹ́ kí n kọ̀wé dípò kí n pè ọ́. Nínú oṣù Igbe, Bọ́dúnrìn fọwọ́ béèrè ìwé náà, ó fi ọwọ́ òsì kọ nǹkan síbẹ̀. Odidi àárọ̀ kan ló fi kọ ìlà mẹ́ta. Àkòrí rẹ̀ nìkan ni mo rí kà, “Iná mànàmáná.” Ìyókù dà bí ipa ẹsẹ̀ adìẹ. Mo fi í han Ameenat, kò rí i kà. Mo ti fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú lẹ́tà yìí. Ìwọ mọ ìwé tí ẹ jọ kà, o sì mọ bó ṣe máa ń rò ó. Bá mi wò ó dáadáa, kí o sọ ohun tó kọ fún mi. Kódà bó bá jẹ́ físíìsì lásán ni, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti Màmá, kí o sì bá mi gbá àwọn ìbejì mọ́ra. Tìmílẹ́yìn ní kí n kí ọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde,
Ayọ̀fẹ́